Àwọn Dáàṣì Inú Òpó Kẹta

Bàbá mi ló kọ́kọ́ sọ ọ́ di bọ́ọ̀lù. Tí mo bá ti jókòó ti kọ̀ǹpútà mi nírọ̀lẹ́, tí mo so wáyà bẹ́líìtì tó ń wọn èémí ẹ̀ mọ́ ọn, á yí orí sí mi láti orí àga ẹ̀, á ní, "Akọ̀wé, mélòó la gbá wọlé lónìí?" Bí ẹni pé àwọn mọ́kànlá kan wà nínú àyà ẹ̀ tí wọ́n ń sáré kiri. Màámi á ní kó fi mí sílẹ̀ kí n ráyè ṣe é. Èmi á máa rẹ́rìn-ín ní tèmi, torí nígbà yẹn mo ṣì rò pé a máa borí.

Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ dáadáa kẹ́ ẹ má baà sọnù sínú ẹ̀. Òkúta ni bàbá mi ń gbẹ́. Kì í ṣe ère o. Òkúta ilé ni: àtẹ̀gùn, ìsàlẹ̀ fèrèsé, èyí tí wọ́n máa ń tẹ́ síwájú ilé àwọn olówó. Ẹ̀rọ ló fi ń gé e, eruku á sì bò ó débi pé tó bá wọlé, eyín ẹ̀ nìkan la fi ń dá a mọ̀. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo rò pé gbogbo bàbá ni irun wọn máa ń funfun tí wọ́n bá lọ síbi iṣẹ́, tó máa ń dúdú padà tí wọ́n bá wẹ̀ tán. Àṣé eruku yẹn ò tíì lọ síbì kankan. Inú ẹ̀dọ̀fóró ẹ̀ ló kó sí, ó dì síbẹ̀. Ní báyìí, tó bá rìn láti orí àga dé ẹnu ọ̀nà, á dúró, á di férémù ilẹ̀kùn mú, á máa ṣe bí ẹni tó ń wo títì. Kò sí nǹkan tó ń wò o. Èémí ló ń wá.

Dókítà ẹ̀, obìnrin kan tí kì í fi ọ̀rọ̀ falẹ̀ rárá, sọ fún wa pé àwọn oníṣẹ́ abẹ kan ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Wọ́n á gé ibi tó ti bàjẹ́ jù kúrò lára ẹ̀dọ̀fóró, kí èyí tó kù lè ráyè fẹ̀. Àmọ́ wọn ò ní mú gbogbo èèyàn, torí ẹni tí èémí ẹ̀ bá ti kéré jù, orí tábìlì iṣẹ́ abẹ níbẹ̀ ló máa kú sí. Ó wá mú bẹ́líìtì kan jáde, ó ní kó máa wà láyà bàbá mi tọ̀sán tòru, á máa wọn bí àyà ṣe ń fẹ̀ sí tí wọ́n bá mí. Tí a bá ro gbogbo ẹ̀ pọ̀ tí a pín in, tí àròpín ẹ̀ tó ogójì, wọ́n á mú wọn. Tí ò bá tó, kí a máa tọ́jú wọn nílé. Kò fọ̀rọ̀ bò rárá. Màámi ní, "Tọ́jú wọn títí dìgbà wo?" Dókítà ń wo bẹ́líìtì ọwọ́ ẹ̀.

Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé ẹni tó máa ń bá wọn ṣe ìṣirò yẹn ti fiṣẹ́ sílẹ̀, fáìlì àwọn aláìsàn sì ti tò jọ. Dókítà ò tíì sọ ọ́ tán tí mo ti nawọ́ sókè bí ọmọ iléèwé. Mo ní èmi máa ṣe tiwa fúnra mi. Ó wò mí, ó bi mí bóyá mo mọ̀ ọ́n ṣe. Bàbá mi ló dáhùn fún mi. Ó ní, "Akọ̀wé ni. Ẹ fi sílẹ̀ fún un." Inú mi dùn débi pé mi ò rántí kí dókítà pé ó dàbọ̀.

Òótọ́ ni pé mo mọ̀ ọ́n ṣe. Níbi iṣẹ́ mi, ọkọ̀ akẹ́rù là ń wọ̀n. Ọkọ̀ á gun orí irin fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kan tí wọ́n tẹ́ mọ́lẹ̀, ẹ̀rọ á ka bó ṣe wúwo tó, á kọ ọ́ sínú fáìlì. Fáìlì yẹn ò lẹ́wà kankan. Kò láwọ̀, kò ní àpótí, ìlà kan á kàn tẹ̀ lé òmíì: àsìkò ní òpó kìíní, nọ́ńbà ọkọ̀ ní òpó kejì, ìwọ̀n ní òpó kẹta. Ọ̀gá mi níbẹ̀ la ń pè ní Àǹtí Dákẹ́. Kò burú o, ọ̀rọ̀ ni ò pọ̀ lẹ́nu ẹ̀. Wọ́n ní ọjọ́ kan tí iná fẹ́ jó ọ́fíìsì, ó kàn dìde, ó mú báàgì ẹ̀, ó jáde, ìgbà tí wọ́n rí i níta ni àwọn tó kù wá sáré. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ débẹ̀, ó bá mi níbi tí mo ti ń fi ẹ̀rọ ìṣirò ọwọ́ ro òpó kẹta yẹn níkọ̀ọ̀kan. Ó wò mí títí. Ó ní, "Ọmọ yìí, ṣé o fẹ́ dàgbà síbí ni?"

Ló bá ṣí ojú dúdú kan lórí kọ̀ǹpútà, èyí tí ò ní àwòrán kankan, tó jẹ́ pé àṣẹ lèèyàn máa ń kọ sí i. Ohun èlò tó lò níbẹ̀, awk ló ń jẹ́. Ohun tó sọ fún un ò ju báyìí lọ: máa ka ìlà kọ̀ọ̀kan, mú ohun tó wà ní òpó kẹta, rò ó mọ́ èyí tó wà lọ́wọ́ ẹ, tó o bá dé ìsàlẹ̀, fi iye ìlà pín in. Ìlà àṣẹ kan ṣoṣo. Ó tẹ̀ ẹ́, kí n tó ṣẹ́jú, ìdáhùn ti wà nílẹ̀. Mo ní kó tún un ṣe. Mo fẹ́ràn nǹkan yẹn bí èèyàn ṣe ń fẹ́ràn oúnjẹ. Ilé ni mo ti wá ń fi ṣeré, mò ń ro òpó gbogbo nǹkan tó bá ti ní òpó.

Ẹ wá wo bí inú mi ṣe máa dùn tó nígbà tí mo kọ́kọ́ ṣí fáìlì bẹ́líìtì bàbá mi. Bíi ti ọkọ̀ gẹ́lẹ́ ló rí. Àsìkò, bí ọkàn ṣe ń lù, bí èémí ṣe tó. Ìṣẹ́jú kan, ìlà kan. Òpó kẹta lèémí wà. Mi ò tiẹ̀ ní láti yí àṣẹ mi padà, mo kàn fi orúkọ fáìlì bàbá mi rọ́pò ti ọkọ̀.

Mẹ́tàlélọ́gbọ̀n.

"Mélòó la gbá?" ni bàbá mi wí. Mo sọ fún un. Ó mi orí. Ó ní kò burú, ìdajì àkọ́kọ́ nìyẹn, àwọn ọmọ náà ṣì ń na ẹsẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kejì mẹ́tàlélọ́gbọ̀n náà ni, èyí tó tẹ̀ lé e ò sì fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Màámi kàn bẹ̀rẹ̀ sí í nu tábìlì tó ti mọ́ látàárọ̀. Ohun kan ṣoṣo tó máa ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá wá kí wa ni pé oorun ọkọ òun ti dára. "Tó bá ti jẹun ọ̀sán báyìí, á sùn lọ fọnfọn lórí àga yẹn. Kì í tiẹ̀ hanrun mọ́. Bí ọmọ jòjòló." Ó máa ń fi ìgbéraga sọ ọ́, torí òun ló fi ìrọ̀rí sẹ́yìn àga, òun náà ló ń lé àwọn ọmọ àdúgbò kúrò lábẹ́ fèrèsé kí wọ́n má jí i.

Mo gbé fáìlì náà lọ síbi iṣẹ́. Àsìkò ìsinmi ni mo fi han Àǹtí Dákẹ́, mo fẹ́ kó sọ fún mi pé mo ti ṣì í ṣe. Ó ń yí i lọ sísàlẹ̀, ó ń yí i lọ, ó wá dúró. Ó fi èékánná kan ojú kọ̀ǹpútà.

"Kí ni ìwọ̀nyí?"

Mo wò ó. Láàárín àwọn nọ́ńbà, ní òpó kẹta, àwọn ibì kan wà tó jẹ́ pé dáàṣì ló wà níbẹ̀, ìlà kúkúrú tí wọ́n fà sáàárín, kò sí nọ́ńbà. Wọ́n pọ̀. Ìgbà míì wọ́n á tò tẹ̀ léra bí ojú ọ̀nà irin.

"Dáàṣì ni, mà."

"Mo rí i pé dáàṣì ni. Kí ló ń wá nínú ìṣirò ẹ?"

Ó wá ṣàlàyé ju bó ṣe máa ń ṣe lọ. Ó ní awk yẹn kì í jiyàn. Tó bá dé ibi tí nọ́ńbà ò sí, kò ní pariwo, á kàn kà á sí òdo, á sì tún ka ìlà yẹn mọ́ àwọn tó máa fi pín in. Òdo yẹn ló ń fà wá sísàlẹ̀. Lórí irin tiwa níbi iṣẹ́, dáàṣì túmọ̀ sí pé ọkọ̀ ti sọ̀ kalẹ̀, tí ẹ̀rọ ò rí nǹkan wọ̀n. Gbogbo wa la mọ òfin yẹn, òun ló fi kọ́ wa. Ó tún un sọ: "Dáàṣì kì í ṣe ọkọ̀. Yọ ọ́ kúrò."

Mo tiẹ̀ ṣèwádìí kí n tó yọ ọ́ o, kẹ́ ẹ má rò pé mo kàn sáré ni. Mo délé, mo bá bàbá mi níbi tó ti ń mu tíì, mo bi í bóyá ó máa ń tú bẹ́líìtì yẹn. Ó ní, "Hẹn, nǹkan yẹn. Ó ń yún mi bí ẹni tí eèrà gùn. Pàápàá tí mo bá jẹun tán tí mo fẹ́ fara ti àga, mi ò lè ṣàlàyé ẹ̀." Mo ní ẹ̀hẹ́n, ẹ máa ń tú u nìyẹn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín sí bí mo ṣe gbójú mọ́ ọn bí ọlọ́pàá, ẹ̀rín di ikọ́, ikọ́ ò tán bọ̀rọ̀, nígbà tó fi máa tán mo ti jókòó ti kọ̀ǹpútà. Ìdáhùn tí mò ń wá ti tẹ̀ mí lọ́wọ́.

Mo fi ọ̀rọ̀ díẹ̀ kún àṣẹ mi: tí òpó kẹta bá jẹ́ dáàṣì, fò ó, má rò ó, má sì kà á. Mo tẹ̀ ẹ́.

Méjìlélógójì.

Mi ò pariwo. Mo tún un tẹ̀. Mo yí kọ̀ǹpútà náà kí bàbá mi rí i fúnra ẹ̀, mo ní, "Ẹ wo ohun tá a gbá." Màámi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi tó wà, aṣọ ìnutábìlì lọ́wọ́ ẹ̀. Bàbá mi ka nọ́ńbà náà bí ẹni tó ń ka orúkọ ara ẹ̀ lára ògiri. Ó ní, "Àwọn ọmọ yìí, àṣé wọ́n mọ bọ́ọ̀lù."

Mo pe dókítà. Ó bi mí lẹ́ẹ̀mejì pé ṣé ó dá mi lójú. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní òun á fi orúkọ wọn sínú ìwé àwọn tí wọ́n máa mú, kí n kó gbogbo fáìlì wá fún òun lópin ọ̀sẹ̀ kí àwọn oníṣẹ́ abẹ náà rí i.

Ọ̀sẹ̀ yẹn, ẹ ò lè mọ̀. Bàbá mi fá irùngbọ̀n. Ó ní kí n gbé àpótí irin iṣẹ́ òun jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ń fi òróró nù wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń sinmi láàárín. Ẹ rí i, òkúta kan wà lẹ́nu ọ̀nà wa, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ẹ kí àìsàn tó dé, ó fẹ́ fi ṣe àtẹ̀gùn. Ìdajì ẹ̀ jọ̀lọ̀, ìdajì kejì rí gbágungbàgun, gbogbo wa la ti fi ẹsẹ̀ kọ ọ́ rí. Ó ní tóun bá ti orí tábìlì wọn dé, òun lòun máa kọ́kọ́ parí. Ó tiẹ̀ ní kí Màámi má fi oúnjẹ ṣahun sí òun, kó fún òun ní tòun kún inú abọ́, ẹni tó ń lọ fún ìdíje kì í jẹ bí ẹyẹ. Màámi ń rìn nínú ilé bí ọmọge. Torí eèrà tó ń yún un yẹn, ó wá aṣọ rírọ̀ kan, ó fi tẹ́ inú bẹ́líìtì náà. Kí bàbá mi má baà tún tú u, ó fi abẹ́rẹ́ rán ẹnu ẹ̀ pọ̀ mọ́ ọn láyà. Ó ní, "Ó yá, ẹ tú u ká wò ó." Bàbá mi ní wọ́n ti fi òun sẹ́wọ̀n nílé òun.

Mo rò pé gbogbo dáàṣì máa tán nìyẹn. Mo so wáyà mọ́ ọn nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, mo ṣí fáìlì.

Dáàṣì wà níbẹ̀. Ó tiẹ̀ pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Inú bí mi. Mo bá bàbá mi wí, mo ní kí ló dé tí ẹ ò ṣe lè ní sùúrù díẹ̀, ẹ tún ti tú nǹkan yìí. Ó wò mí. Ó ní òun ò tú nǹkan kan. Mo ní bàbá, ẹ ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé ẹ máa ń tú u. Ó ní, "Mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Mo ní ó ń yún mi. Ìwọ lo sọ pé mò ń tú u." Màámi ti ibi ìdáná jáde, ó gbé aṣọ bàbá mi sókè, ó fi ìka tẹ̀ lé òwú tó fi rán bẹ́líìtì náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Òwú náà wà bó ṣe wà. Kókó tó ta sí i lánàá ṣì wà níbẹ̀.

Mo ní kí Màámi já òwú náà kí bàbá lè wẹ̀, mo mú bẹ́líìtì yẹn wọ yàrá wọn, mo jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì. Mo kọ́kọ́ fi sílẹ̀ lórí ibùsùn fúngbà díẹ̀, kò sí lára ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn náà ni mo so ó mọ́ àyà tèmi, mo ń mí bí mo ṣe ń mí. Lẹ́yìn ìyẹn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í dín èémí mi kù. Mò ń mí bí ẹni tó sá pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n ń wá kiri yàrá, fín-ín-fín, kí àyà má baà mira. Orí bẹ̀rẹ̀ sí í fò mí. Mò ń bá a lọ bẹ́ẹ̀ títí mo fi gbọ́ tí omi dákẹ́ ní ilé ìwẹ̀.

Mo so wáyà mọ́ ọn, mo wò ó. Ìgbà tí bẹ́líìtì wà lórí bẹ́ẹ̀dì, kò kọ nǹkan kan. Àsìkò kàn fò ni, láti ìlà kan sí òmíì, bí ẹni pé ìṣẹ́jú wọ̀nyẹn ò sí láyé. Kò sí dáàṣì kankan níbẹ̀. Ìgbà tí mò ń mí dáadáa, nọ́ńbà ńláńlá ló wà níbẹ̀, nọ́ńbà ọmọdé tí ara ẹ̀ le. Ìgbà tí mò ń mí bí ẹni tó sá pamọ́, dáàṣì. Dáàṣì. Dáàṣì.

Ṣé ó yé yín? Dáàṣì ọkọ̀ ni pé kò sí nǹkan lórí irin. Dáàṣì bàbá mi ni pé bàbá mi wà níbẹ̀, èémí ẹ̀ ló kéré ju ohun tí bẹ́líìtì lè rí lọ.

Mo wá sọ fún awk pé kó má ro nǹkan kan, kó kàn mú ìlà tó bá ní dáàṣì nìkan, kó fi òpó kìíní han mí, ìyẹn àsìkò. Gbogbo ẹ̀ tò sílẹ̀. Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán ni. Lójoojúmọ́, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Ìrọ̀rí lẹ́yìn àga, àwọn ọmọ àdúgbò tí wọ́n lé kúrò lábẹ́ fèrèsé. Oorun dídára tí Màámi ń sọ fún gbogbo ayé.

Lọ́jọ́ kejì, mo fi gbogbo ẹ̀ han Àǹtí Dákẹ́. Mo ní bóyá òdo yẹn náà ti kéré jù, torí ẹni tó ń mí, kódà díẹ̀, kì í ṣe òdo. Ó gbà. A to òpó kẹta láti orí kékeré dé ńlá, èyí tó kéré jù tí bẹ́líìtì ti kà rí ni márùn-ún. Ó ní ká fún gbogbo dáàṣì ní márùn-ún nígbà náà, kò sí bí wọ́n ṣe lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo kọ ọ́ sínú àṣẹ, mo tẹ̀ ẹ́.

Mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n.

Nọ́ńbà kan péré ni gbogbo àánú wa fi kún un. Àǹtí Dákẹ́ wò ó. Ó ní, "Èmi ni mo ní kó o yọ ọ́." Mo ní rárá mà. Ó ní, "Ti ọkọ̀ ni mo mọ̀." Ó gbé ọwọ́ lé mi lẹ́yìn, ó padà sí àyè ẹ̀.

Mo fẹsẹ̀ rìn délé, mi ò wọkọ̀, mò ń ro bí mo ṣe máa sọ ọ́. Kò sí bó ṣe dára. Bàbá mi wà lẹ́nu ọ̀nà lórí ìjókòó, irin iṣẹ́ kan wà lórí itan ẹ̀, ó ń wo òkúta ẹ̀. Màámi wà lẹ́yìn ẹ̀. Mo sọ ọ́ bó ṣe rí: pé méjìlélógójì yẹn kì í ṣe òótọ́, pé mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n la gbá. Mo sọ ohun tí dáàṣì jẹ́. Ti àsìkò tí àwọn dáàṣì yẹn máa ń wà, mi ò fẹ́ sọ ọ́, ṣùgbọ́n Màámi bi mí pé ìgbà wo nínú ọjọ́, mo sì sọ.

Màámi wo àga inú ilé. Lẹ́yìn náà ó ní, "Fi méjìlélógójì ránṣẹ́."

Mo ní Màámi.

"Ta ló mọ̀? Ìwọ nìkan lo mọ̀ ọ́n ṣe, ìwọ fúnra ẹ lo sọ. Wọ́n ti kọ orúkọ ẹ̀ sílẹ̀. Fi méjìlélógójì ránṣẹ́, kí wọ́n mú un."

Bàbá mi ò yíjú sí i. Ó bi mí pẹ̀lẹ́ pé kí tiẹ̀ ni dókítà sọ nípa ẹni tí ò bá tó ogójì. Ó mọ̀ ọ́n, ó wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n sọ ọ́. Mo mọ̀ pé Màámi ló fẹ́ kó gbọ́. Mo ní wọ́n ní orí tábìlì ni.

"Tí wọn ò bá mú mi ńkọ́?"

Mo ní wọ́n ní ká máa tọ́jú yín nílé, dókítà ò sọ títí dìgbà wo.

"Kò ní láti sọ ọ́." Ó dúró gba èémí. "Ìyá Akọ̀wé, jẹ́ kí n máa sùn síbí. Ó kéré tán, mo mọ àga náà."

Màámi gba irin iṣẹ́ yẹn kúrò lórí itan ẹ̀, ó gbé e wọlé. A gbọ́ bó ṣe ń fa àpótí padà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Èmi fúnra mi ni mo kó fáìlì náà lọ fún dókítà, tòun ti mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Mo ṣàlàyé gbogbo ẹ̀. Ó fara balẹ̀ gbọ́, èyí tó yà mí lẹ́nu. Kò bínú. Ó ní ó dára tí mo wò ó dáadáa, pé wọn ì bá ti là á. Ó mú ìwé kan, ó fa ìlà lé orúkọ bàbá mi, ó kọ ti ẹlòmíì sí i níbẹ̀ níṣojú mi. Mi ò ka orúkọ ẹni náà. Ó ní ẹni tó kàn nílò bẹ́líìtì, kí n jọ̀wọ́ mú un padà wá. Mo dá a padà, mo tú aṣọ rírọ̀ tí Màámi fi tẹ́ inú ẹ̀ kúrò kí n tó fún un. Mi ò mọ ìdí tí mo fi tú u. Ẹlòmíì náà, á yún un.

Bí a ṣe wà báyìí nìyẹn. Àwọn oníṣẹ́ abẹ ti wá, wọ́n ti lọ. Bàbá mi kì í béèrè mọ́ pé mélòó la gbá. Kì í tiẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà mọ́, láti orí bẹ́ẹ̀dì sórí àga ni. Tó bá ti jẹun ọ̀sán tán, tí orí ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, Màámi á fa ìjókòó sún mọ́ ọn. Kì í lé àwọn ọmọ kúrò lábẹ́ fèrèsé mọ́. Ó tiẹ̀ máa ń fẹ́ kí wọ́n pariwo. Tí ilé bá dákẹ́ jù, á rọra fi ẹ̀yìn ọwọ́ síwájú imú ẹ̀, á dúró bẹ́ẹ̀, èmi náà á dúró níbi tí mo bá wà, títí ọwọ́ yẹn á fi kúrò. Ìgbà míì á fi ìka ti èjìká ẹ̀, bàbá mi á lajú, á ní, "Mo wà ńbí o, jẹ́ kí n sùn."

Màámi ló wá ń béèrè báyìí. Nírọ̀lẹ́, tí mo bá ṣí kọ̀ǹpútà mi nítorí iṣẹ́ tèmi, á wá dúró lẹ́yìn mi. "Mélòó la gbá?" Nígbà àkọ́kọ́, mo fẹ́ sọ fún un pé bẹ́líìtì ti lọ, pé kò sí ìlà tuntun kankan nínú fáìlì yẹn mọ́, pé òpó tí ò gùn sí i, ìdáhùn kan náà ló máa máa mú wá. Mo wo ojú ẹ̀. Mo tẹ bọ́tìnnì tó ń gbé àṣẹ àná padà wá, mo tẹ̀ ẹ́, nọ́ńbà náà jáde.

"Mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, Màámi."

"Kò lọ sílẹ̀?"

"Kò lọ sílẹ̀."

Á lọ bá bàbá mi lórí àga, á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ létí ẹ̀, á sọ fún un. Bàbá mi á wò mí láti orí èjìká ẹ̀. Ó mọ̀. Ó ti gé òkúta pẹ́ jù kó má dá nǹkan tó ti dúró sójú kan mọ̀. Á gbé ọwọ́ lé orí Màámi, á mí díẹ̀, á ní, "Ọ̀mì lónìí náà nìyẹn." Lẹ́yìn náà á di ojú ẹ̀, á sì tún dákẹ́.